Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Windows àtijọ́ lórí kọ̀ǹpútà tí kò mọ̀ ọ́n

Àwọn lẹ́tà tó wọlé sí wa lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà láti Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ọ̀yẹ́ àti Ìjerò fẹ́rẹ̀ẹ́ dá lórí ohun kan náà. Ẹni tó kọ ọ́ ní ẹ̀rọ kan tó fi ń jẹun, ẹ̀rọ náà kò sì bá Windows tuntun ṣe, ló bá fẹ́ dá kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà sí Windows 7 tàbí XP. Ibẹ̀ ni wàhálà driver ti ń bẹ̀rẹ̀. Driver ni ètò kékeré tó ń kọ́ Windows bí yóò ṣe lo ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lára kọ̀ǹpútà. Bí kò bá sí, ẹ̀yà náà lè pé pérépéré, Windows kò ní mọ ohun tí yóò fi ṣe. Lẹ́tà márùn-ún la mú. Ohun tí a ń tẹnu mọ́ nínú gbogbo wọn ni pé kí ẹ dá ẹ̀yà náà mọ̀ dájú kí ẹ tó wá driver rẹ̀, kí ẹ sì ti kó driver jọ kí ẹ tó pa ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ́.

Fláàṣì mi ló bàjẹ́ ni?

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Iṣẹ́ mọ́nógíráàmù ni mo ń ṣe ní Òkèsà. Sọ́fítíwíà tí mo fi ń ya iṣẹ́ kò gba ohun tó ju Windows 7 lọ, ó sì ní kọ́kọ́rọ́ USB tí a gbọ́dọ̀ kì bọ kọ̀ǹpútà kó tó ṣí. Láptọ́ọ̀pù mi àtijọ́ kú, mo wá ra tòkunbọ̀ Core i5 ìran kẹfà. Mo fi fláàṣì Windows 7 sí i, ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, mo yan èdè, mo tẹ Install now, ló bá kọ ọ́ pé "A required CD/DVD drive device driver is missing". Máòsì USB mi kò ṣiṣẹ́ mọ́, àmọ́ kíbọ́ọ̀dù ara láptọ́ọ̀pù ń ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?* — Oníṣẹ́ mọ́nógíráàmù, Adó-Èkìtì

Ẹ má lọ ra fláàṣì mìíràn. Pẹ̀lú bí máòsì náà ṣe kú yẹn, kò jọ pé fláàṣì ló bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ CD tí ó kọ yẹn ń ṣi èèyàn lọ́nà ni.

Windows 7 jáde ní October 2009, nígbà tí USB 2.0 ló gbòde. Driver USB 3.0 kò sí nínú rẹ̀. Windows 8 ló kọ́kọ́ gbé e wá. Nígbà tí ẹ tan láptọ́ọ̀pù, BIOS, ètò ara mọ́dábọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà, ló ń ka fláàṣì yín, BIOS sì mọ USB 3.0, ìdí nìyẹn tí ojú ìwé àkọ́kọ́ fi jáde. Bí Windows bá ti wọ inú RAM tán, ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ BIOS, ó sì fẹ́ fi driver tirẹ̀ ka fláàṣì kan náà. Kò ní i. Bẹ́ẹ̀ ni fláàṣì ṣe pòórá mọ́ ọn lójú, tí máòsì náà sì tẹ̀ lé e. Kíbọ́ọ̀dù ara láptọ́ọ̀pù kò kú nítorí pé, nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, ọ̀nà PS/2 ti àtijọ́ ló gbà wọ inú mọ́dábọ́ọ̀dù. Ká ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ń lo kíbọ́ọ̀dù USB ni, òun náà ì bá ti kú.

Títí dé ìran karùn-ún, Intel ṣì ń fi ọ̀nà USB 2.0 sí ẹ̀gbẹ́ ti USB 3.0. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ lè ki fláàṣì sí ihò dúdú, kó fi èyí tó ní àwọ̀ búlúù sílẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Láti ìran kẹfà tó jáde lọ́dún 2015 ni wọ́n ti yọ ọ̀nà àtijọ́ náà kúrò. Dúdú ni o, búlúù ni o, ti USB 3.0 ni gbogbo wọn ń gbà. Nítorí náà, ẹ̀yin ni ẹ máa fi driver sínú fláàṣì fúnra yín.

Ẹ wá kọ̀ǹpútà mìíràn tó ń lo Windows 10, fláàṣì 8GB ó kéré tán, ISO (fáìlì odidi dísìkì) Windows 7 SP1 ti 64-bit, Rufus, àti driver USB 3.0 ti Windows 7. Ojú òpó ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù yín ni kí ẹ ti gba driver náà, lábẹ́ orúkọ àti nọ́ńbà láptọ́ọ̀pù yín gan-an. Bó bá jẹ́ fáìlì .exe, ẹ má jẹ́ kó fi ara rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tí ẹ yá lò. Ẹ fi 7-Zip tú u. Fódà tí ẹ ń wá ni èyí tí iusb3hub.inf àti iusb3xhc.inf wà nínú rẹ̀, lábẹ́ Win7, lẹ́yìn náà x64. Ẹ da gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ sí C:\usb3. Fáìlì .inf, .sys àti .cat gbọ́dọ̀ wà pa pọ̀, ọ̀kan kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù sẹ́yìn.

Ẹ fi Rufus kọ ISO sórí fláàṣì, kí ẹ yan MBR, BIOS àti NTFS. Nínú fódà sources lórí fláàṣì náà, ẹ ṣe ẹ̀dà boot.wim àti install.wim sí C:\w7. Ẹ dá fódà òfìfo kan sílẹ̀, C:\mount. Ẹ wá ṣí Command Prompt pẹ̀lú Run as administrator, kí ẹ tẹ ìlà mẹ́ta yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan:

dism /mount-wim /wimfile:C:\w7\boot.wim /index:2 /mountdir:C:\mount
dism /image:C:\mount /add-driver /driver:C:\usb3 /recurse
dism /unmount-wim /mountdir:C:\mount /commit

Ẹ kíyè sí index 2 yẹn. Apá méjì ni boot.wim ní: èkíní ni Windows PE, èkejì ni Setup fúnra rẹ̀, èyí tó ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá fi driver sí èkíní nìkan yóò ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí tán, ìkìlọ̀ kan náà ni yóò tún rí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe install.wim náà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fo ibẹ̀, Windows á wọlé tán, á tún ara rẹ̀ tàn, máòsì á sì tún kú. Ẹ kọ́kọ́ tẹ dism /get-wiminfo /wimfile:C:\w7\install.wim kí ẹ lè rí nọ́ńbà ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ sì fi nọ́ńbà náà sí ibi index. Lórí ọ̀pọ̀ dísìkì 64-bit, 3 ni Professional, 4 ni Ultimate. Bí dism bá kọ̀, tó gbé 0xc1510111 jáde, fáìlì náà ti di èyí tí a lè kà nìkan tí a kò lè yí padà. Ẹ tẹ attrib -r C:\w7\*.wim, kí ẹ tún un ṣe. Nígbà tí méjèèjì bá parí, ẹ dá wọn padà sínú sources, kí wọ́n rọ́pò ti tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò fẹ́ kí iná lọ láàárín. Ẹ ṣe é lórí láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ kún. Bí iná bá já kí /commit tó parí, C:\mount á há síbẹ̀. Ẹ tẹ dism /cleanup-wim, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀dà mìíràn, nítorí èyí tó já láàárín kò ṣeé gbára lé mọ́.

Ó ku BIOS. Ẹ pa Secure Boot, kí ẹ sì tan Legacy tàbí CSM. Ní ibi SATA (ọ̀nà tí háàdì dísìkì gbà so mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù), ẹ yan AHCI. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù Dell ló ń wà ní RAID On láti ilé iṣẹ́, bó bá sì wà bẹ́ẹ̀, Windows 7 lè má rí háàdì dísìkì kankan. Bó bá ní dísìkì náà jẹ́ GPT (ọ̀nà tuntun tí a fi ń pín dísìkì), òun kò lè wọlé síbẹ̀, Shift+F10 á ṣí Command Prompt fún yín: ẹ tẹ diskpart, list disk, select disk 0, clean, convert mbr. Ẹ wo nọ́ńbà dísìkì náà dáadáa kí ẹ tó tẹ clean. Gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ ni yóò lọ, fláàṣì yín náà sì wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn.

Bí láptọ́ọ̀pù yín bá ń lo NVMe, ìyẹn SSD tí kì í gba ọ̀nà SATA, ìmọ̀ràn wa ni kí ẹ ra SSD SATA oní-íńṣì 2.5 sí i bó bá ní àyè rẹ̀. Windows 7 kò mọ NVMe láìsí àtúnṣe Microsoft méjì, KB2990941 àti KB3087873, BIOS Legacy kì í sì í sábà lè tan kọ̀ǹpútà láti orí NVMe. Wàhálà rẹ̀ ju èrè rẹ̀ lọ.

Ní ti kọ́kọ́rọ́ USB, ẹ fi driver rẹ̀ sí kí ẹ tó kì í bọ ihò. Bí ẹ bá kọ́kọ́ kì í, Windows lè fún un ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ ó sì ní láti yọ orúkọ náà kúrò nínú Device Manager (ibi tí Windows to gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sí) kí ẹ tó lè tún un ṣe. Kọ̀ǹpútà tó wà fún mọ́nógíráàmù nìkan kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Fláàṣì ni kí ẹ máa fi gbé iṣẹ́ wọ inú rẹ̀.

Àmì yẹ́lò kún Device Manager

*Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú làálàá. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n fún wa ní Dell Latitude E6430 mélòó kan. Windows 7 wọlé wẹ́rẹ́, àmọ́ kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun gbogbo tóbi lójú skíríìnì, àmì ìkìlọ̀ aláwọ̀ yẹ́lò sì pọ̀ ní Device Manager: Ethernet Controller, Network Controller, PCI Simple Communications Controller, Broadcom USH, Unknown device. Èwo ni kí n kọ́kọ́ mú?* — Olùkọ́, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ẹ fi àwọn orúkọ yẹn sílẹ̀ ná. Windows ló sọ wọ́n bẹ́ẹ̀ nígbà tí kò mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Ẹ tẹ ọ̀kan nínú wọn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ sí Details, ní Property ẹ yan Hardware Ids. Ẹ ó rí ìlà bí PCI\VEN_8086&DEV_1502. VEN ni orúkọ ìdílé, DEV ni orúkọ ọmọ. 8086 ni Intel, 10EC ni Realtek, 14E4 ni Broadcom, 168C ni Atheros, 10DE ni NVIDIA, 1002 ni ATI tí AMD rà. Ẹ kọ ìlà náà sílẹ̀ títí dé òpin DEV, òun ni kí ẹ fi wá driver.

Lórí E6430, 1502 ti Intel ni ihò wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, 82579LM. PCI Simple Communications Controller tó ń dẹ́rù ba èèyàn yẹn, bí ìdí rẹ̀ (ìlà Hardware Ids yẹn) bá jẹ́ DEV_1E3A, Intel Management Engine ni. DEV_1E31 ni USB 3.0. Unknown device tí ẹ bá rí SMO nínú ìlà rẹ̀ ni ohun tó ń mọ̀ bí láptọ́ọ̀pù bá já bọ́, kó lè dáàbò bo háàdì dísìkì. Broadcom USH wà fún káàdì ìdánimọ̀ àti ìtẹ̀ka. Bí ilé ẹ̀kọ́ yín kò bá lo ìyẹn, ẹ lè fi í sílẹ̀ láìsí ewu. Network Controller ni Wi-Fi. Ẹ má méfò lórí èyí, nítorí oríṣiríṣi káàdì Wi-Fi ni Dell fi sínú E6430 kan náà, tí méjì lórí tábìlì kan lè má bára mu.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ láptọ́ọ̀pù fún Service Tag, lẹ́tà àti nọ́ńbà méje ni. Bó bá ti pa rẹ́, ẹ tẹ wmic bios get serialnumber ní Command Prompt. Ẹ fi í wá driver lójú òpó Dell, láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ìdí tí a fi ní kọ̀ǹpútà mìíràn ni pé Internet Explorer 8 tó bá Windows 7 wá kò lè ṣí ọ̀pọ̀ ojú òpó òde òní mọ́. Bí ẹ kò bá sì rí òmíràn, fóònù Android lè gbà yín: ẹ fi wáyà so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ tan USB tethering. Windows 7 mọ ọ́n láìsí driver tí ẹ ń wá kiri, XP ni kò mọ̀ ọ́n.

Chipset ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí. Òun ló ń sọ orúkọ àwọn ọ̀nà inú mọ́dábọ́ọ̀dù fún Windows, ọ̀pọ̀ Unknown device sì máa ń yanjú fúnra wọn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn. Management Engine ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti USB 3.0. Ẹ wá fi ti àwòrán sí. Bí E6430 yín bá ní NVIDIA pẹ̀lú Intel, ti Intel ni kí ó ṣáájú, bí ẹ bá yí i padà, NVIDIA lè kọ̀ láti wọlé. Ohùn, pádì ìfọwọ́tẹ̀ àti ti SMO lè wá nígbàkígbà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wò ó bóyá 32-bit ni Windows yín tàbí 64-bit, nípa fífi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ Computer, kí ẹ yan Properties. Driver èkíní kò ní ṣiṣẹ́ lórí èkejì láé, bó ti wù kí ẹ gbìyànjú tó.

Nígbà tí ọ̀kan bá ti pé, ẹ má tún iṣẹ́ yìí ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ lórí ìyókù. Ẹ ṣe ẹ̀dà fódà C:\Windows\System32\DriverStore\FileRepository láti orí èyí tó pé sórí fláàṣì. Lórí láptọ́ọ̀pù kejì, ẹ tẹ ẹ̀yà tó ní àmì yẹ́lò, ẹ yan Update Driver Software, lẹ́yìn náà Browse my computer, kí ẹ tọ́ka sí fódà náà, kí ẹ sì fi àmì sí Include subfolders. Windows á fúnra rẹ̀ wá èyí tó bá ìdí ẹ̀yà náà mu. Wi-Fi tó yàtọ̀ nìkan ni ẹ ó máa wá lọ́tọ̀.

Nítorí pé ọmọ ilé ìwé ló máa lò ó, ẹ jẹ́ ká sọ èyí kedere: Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 7 dúró láti 14 January 2020. Chrome dúró síbi 109 lórí rẹ̀, Firefox sì dúró síbi ẹ̀ka 115 ESR. E6430 tí RAM rẹ̀ tó 8GB, tó sì ní SSD, lè gbé Linux Mint dáadáa, tàbí Windows 10, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú òun náà dúró ní October 2025. Bí kò bá sí ẹ̀rọ tàbí ìwé ẹ̀kọ́ kan pàtó tó ń so yín mọ́ Windows 7, àwa kò rí ìdí tí ilé ẹ̀kọ́ fi gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀.

Code 52, àti dísìkì tó ní gbogbo driver

*Mo fi driver Wi-Fi tuntun sí Windows 7 mi, àmọ́ Device Manager ní kò lè dá ìbuwọ́lù rẹ̀ mọ̀, Code 52. Ẹnì kan fẹ́ ta dísìkì tó ní gbogbo driver fún mi. Ṣé kí n rà á?* — Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Driver yín lè dára. Láyé Windows 7, SHA-1 ni wọ́n fi ń buwọ́ lu driver. Ní báyìí SHA-2 ni. Windows 7 tí kò tíì gba àtúnṣe kò mọ ìbuwọ́lù tuntun náà. Ẹ rí i pé SP1 wà lórí rẹ̀, ẹ fi KB4490628 sí, lẹ́yìn rẹ̀ KB4474419, méjèèjì jáde ní March 2019. Ẹ tún un tàn, kí ẹ yọ driver náà, kí ẹ sì tún un fi sí. Ọ̀nà F8 tí wọ́n máa ń sọ, tí ẹ ó ti yan Disable Driver Signature Enforcement, kò kọjá ìgbà tí ẹ bá pa kọ̀ǹpútà. Ìwúlò rẹ̀ ni láti mọ̀ bóyá ìbuwọ́lù ni ìṣòro náà lóòótọ́.

Ẹ má bá wọn ra dísìkì náà. Irú rẹ̀ máa ń fi driver tó sún mọ́ ti yín sí ipò èyí tó jẹ́ ti yín gan-an, ohùn á lọ tàbí kí skíríìnì máa ṣẹ́jú. Àwọn kan tún ń kó ètò tí ẹ kò béèrè fún wọlé. Ẹ wo ìdí Wi-Fi yín ní Hardware Ids, kí ẹ fi wá driver rẹ̀, ìyẹn tó.

XP àti ẹ̀rọ tó ń gé sítíkà

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ tí mo fi ń gé sítíkà ń lo wáyà USB tó di serial. Lórí Windows 10 mi, orúkọ wáyà náà ní Device Manager di "PL2303HXA PHASED OUT SINCE 2012", kò sì gé nǹkankan. Wọ́n ní kí n lọ lo XP. Mo fẹ́ fi XP sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ojú rẹ̀ di búlúù, ó kọ 0x0000007B.* — Oníṣẹ́ sítíkà, Ìjerò-Èkìtì

Ọ̀rọ̀ wáyà la fẹ́ kọ́kọ́ mú, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹ má nílò XP rárá.

Nínú wáyà yẹn, ẹ̀yà kékeré kan wà tó ń sọ USB di serial, ọ̀nà ìsopọ̀ àtijọ́. Prolific ló ṣe PL2303, àwọn ayédèrú rẹ̀ sì kún ọjà. Prolific wá ṣe driver tuntun rẹ̀ kó má gba ayédèrú mọ́, àti èyí tó jẹ́ ojúlówó ṣùgbọ́n tó ti gbó. Windows 10 sì máa ń gbé driver tuntun náà wá fúnra rẹ̀ bó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì. Wáyà yín kò bàjẹ́, driver ló lé e jáde. Ẹ wá driver Prolific 3.3.2.105 ti 2008, ẹ fi sí. Ní Device Manager, ẹ tẹ wáyà náà, ẹ yan Update driver, Browse my computer, Let me pick from a list, kí ẹ sì yan ti 2008 nínú méjèèjì. Bí ìkìlọ̀ náà bá padà lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Windows ló tún gbé tuntun wá. Ẹ tún yan ti àtijọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ èyí pátápátá, kó ra wáyà tó ń lo FTDI ojúlówó, tí ìdí rẹ̀ jẹ́ VID_0403&PID_6001. Bí ẹ bá rí PID_0000, ẹ má rà á: ayédèrú tí driver FTDI ti ọdún 2014 yí nọ́ńbà rẹ̀ padà ni. CH340, tí ìdí rẹ̀ jẹ́ VID_1A86&PID_7523, kò wọ́n, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún sítíkà.

Lẹ́yìn tí driver bá dúró, ẹ wo nọ́ńbà COM, orúkọ tí Windows fún ihò serial náà. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà sítíkà àtijọ́ kò rí ohun tó kọjá COM4, Windows sì lè fún wáyà yín ní COM7. Ẹ lọ sí Port Settings, Advanced, kí ẹ yí i sí COM3 tàbí COM4. Ẹ fi ìyára sí 9600, data bits 8, parity None, stop bits 1, àfi bí ìwé ẹ̀rọ yín bá sọ ohun mìíràn. Ẹ ṣọ́ flow control. Bí ẹ̀rọ bá gé lẹ́tà méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ dáadáa, tó wá fa ìlà kọjá àárín sítíkà lójijì, ẹ má tíì dá abẹ lẹ́bi. Kọ̀ǹpútà ń da iṣẹ́ lé ẹ̀rọ lórí ju bí ó ṣe lè gbà lọ, nítorí flow control ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò bára mu.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ XP, 0x0000007B túmọ̀ sí pé XP kò rí háàdì dísìkì. XP jáde ní 2001, driver AHCI kò sí nínú rẹ̀. Ẹ wọ BIOS, ẹ yí SATA kúrò ní AHCI sí IDE, ATA tàbí Compatible, bí BIOS yín bá ṣe pè é. Bí BIOS kò bá ní àyè yẹn, nLite ni kí ẹ fi gbé driver SATA wọ inú dísìkì XP, kí ẹ yan textmode nígbà tó bá béèrè. Ọ̀nà F6 ń béèrè fún floppy, ta ló tún ní in? Bí XP bá ti wọlé ní IDE, ẹ má dá a padà sí AHCI láìjẹ́ pé ẹ ti fi driver rẹ̀ sí, ojú búlúù náà á padà.

Ó dúró síbi "Starting Windows"

*Ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ káàdì ìdánimọ̀ kò ní driver ju ti Windows 7 lọ. Láptọ́ọ̀pù wa jẹ́ ìran kọkànlá, 8GB RAM. Setup dúró síbi Starting Windows, kò kúrò níbẹ̀.* — Oníbíísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, Adó-Èkìtì

Ẹ dáwọ́ dúró lórí ìyẹn. Windows 7 ń gba ọ̀nà BIOS àtijọ́ láti gbé àwòrán sójú skíríìnì nígbà tó bá ń tan, àwòrán Intel ti ìran kọkànlá kò sì ní ọ̀nà náà mọ́. Bí ẹ bá tilẹ̀ rí ọgbọ́n ta, Intel kò ṣe driver àwòrán fún un. Ìran kẹfà ni ó parí sí ní ti Windows 7.

Ẹ jẹ́ kí Windows tuntun dúró, kí ẹ fi Windows 7 sínú VirtualBox, ètò tó ń dá kọ̀ǹpútà mìíràn sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà yín. Ẹ tan VT-x nínú BIOS. Ẹ fún Windows 7 náà ní 3072MB RAM, processor 2 àti dísìkì 40GB. Ní Settings, USB, ẹ yan USB 2.0, bí ẹ bá yan 3.0, ìṣòro oníṣẹ́ mọ́nógíráàmù tó wà lókè á tún bá yín nínú ibẹ̀. Ẹ fi KB méjì tí a dárúkọ fún akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́ sí kí ẹ tó fi Guest Additions (driver VirtualBox fún Windows 7 náà) sí. Ẹ tan ẹ̀rọ káàdì, ẹ ṣe USB filter fún un kó lè máa wọ inú Windows 7 tààrà, lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi driver rẹ̀ sí. Bí Windows tuntun bá ń gbà á mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ yọ wáyà ẹ̀rọ náà, ẹ tan Windows 7 tán, kí ẹ tó kì í padà.

Èyí kò ní ràn yín lọ́wọ́ bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ ti ihò LPT, ihò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́. Wáyà USB tó di LPT máa ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lásán, kì í ṣe fún ohun tó ń bá ihò náà sọ̀rọ̀ tààrà. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì àtijọ́ tó ní ihò náà lára mọ́dábọ́ọ̀dù ni kí ẹ wá. Àmọ́ bó bá jẹ́ USB, tí káàdì àkọ́kọ́ sì ti jáde dáadáa, ẹ ṣe snapshot (ẹ̀dà ipò tó wà, tí ẹ lè padà sí) lójú ẹsẹ̀, ẹ pa Windows 7 náà, kí ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo fódà rẹ̀ sórí háàdì dísìkì ìta. Lọ́jọ́ tí láptọ́ọ̀pù bá kú, ẹ fi VirtualBox sórí òmíràn, ẹ da fódà náà sí i, driver àti ohun gbogbo á wà nínú rẹ̀ bí ẹ ṣe fi wọ́n sílẹ̀.